Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Láàárín Àwọn Tó Ń Wo Ọkọ̀ Ẹrù Lójú Irin Ọ̀fà sí Ìlọrin

Ojú irin tó gba Ọ̀fà kọjá lọ sí Ìlọrin, tó tún tẹ̀ síwájú dé Jẹ́bà, ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Láti Èkó ni wọ́n ti tẹ́ ẹ wá: ó dé Ìbàdàn lọ́dún 1901, ó dé Ìlọrin lọ́dún 1908, ó sì kan odò Ọya ní Jẹ́bà lọ́dún 1909. Ará Kwara tó bá fẹ́ràn ọkọ̀ ojú irin kò ní láti rìn jìnnà kó tó rí i. Inú mi máa ń dùn gan-an tí mo bá rí àwọn ọ̀dọ́ tó gbé fóònù dání níbi tí ọ̀nà oko ti dábùú irin, tí wọ́n ń retí ọkọ̀ ẹrù. Ibi tí wọ́n ń dúró sí ló ń já mi láyà.

Àṣìṣe tó bí gbogbo ìyókù ni kí èèyàn máa rò pé ojú irin náà ti kú. Lóòótọ́, ilẹ̀ lè mọ́ kó tún ṣú láìsí ọkọ̀ kan tó kọjá. Ewúrẹ́ ń sùn sáàárín irin, wọ́n sá láfún sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọlọ́kadà ń dá a kọjá láìwo ibì kan. Àlejò tó bá rí gbogbo èyí, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Bẹ́ẹ̀, àìwọ́pọ̀ ọkọ̀ yẹn gan-an ló ń ṣekú pani. Níbi tí ọkọ̀ ti ń kọjá ní gbogbo ìgbà, ọmọdé mọ̀ pé kí òun wo ọ̀tún, kí òun wo òsì. Níbi tí kì í ti í wá bọ̀rọ̀, àgbà pàápàá á gbàgbé. Ẹ má sì fi àkókò ọkọ̀ èrò ṣírò ti ọkọ̀ ẹrù. Ìgbà tí wọ́n bá di ẹrù tán, tí ẹ̀ńjìnnì wà nílẹ̀, tí ọ̀nà sì ṣí, ló ń gbéra, ì báà jẹ́ ọ̀sán, ì báà jẹ́ òru.

Àwọn kan máa ń wo orí irin kí wọ́n tó dúró. Ó dáa, nítorí irin tó ń dán fi hàn pé kẹ̀kẹ́ ọkọ̀ ojú irin ṣẹ̀ṣẹ̀ gorí rẹ̀ kọjá ni. Ṣùgbọ́n irin tó dípẹtà kò sọ pé ọkọ̀ kò ní wá lónìí. Òjò òru kan ṣoṣo ti tó láti mú kí orí irin pọ́n.

“Màá gbọ́ ọ tó bá ń bọ̀.” Gbogbo wa la máa ń sọ ọ́. Tí ọkọ̀ bá ń gun òkè, ẹ̀ńjìnnì á máa ké, ẹ óò gbọ́ ọ láti ọ̀nà jíjìn. Tó bá ń sọ̀ kalẹ̀ ńkọ́? Awakọ̀ á dẹ ẹ̀ńjìnnì, gbogbo ẹrù yẹn á sì máa rọra yọ bọ̀. Ẹ fi afẹ́fẹ́ tó ń gbé ìró lọ sódì kún un, ẹ fi ariwo ọ̀kadà àti gbohùngbohùn tí ẹ kì bọ etí kún un. Nígbà ọyẹ́, eruku máa ń bo ojú ọ̀run débi pé iná iwájú ọkọ̀ kì í tètè hàn; nígbà òjò, koríko á ga ju èèyàn lọ níbi tí irin ti yí kọ́nà. Ojú náà tún ń tan wá, torí ohun tó bá tóbi púpọ̀, tó sì dojú kọ wá gan-an, máa ń dà bíi pé jẹ́jẹ́ ló ń bọ̀.

Awakọ̀ á fọn fèrè, àmọ́ fèrè kì í dá ọkọ̀ dúró. Ọkọ̀ ẹrù tó kún, tó ń sáré bíi kìlómítà 90 ní wákàtí kan, lè rìn ju kìlómítà kan àtààbọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tẹ bíréèkì pátápátá. Kódà tí eré rẹ̀ kò bá tó ìdajì ìyẹn, awakọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí yín ní kọ́nà kò lè gbà yín sílẹ̀, kò sì níbi tó lè yà sí. Gbogbo wa la gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ibùdókọ̀ PWD, n'Íkẹjà, ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹta ọdún 2023, nígbà tí bọ́ọ̀sì tó kó òṣìṣẹ́ ìjọba Èkó forí sọ ọkọ̀ ojú irin, tí ẹ̀mí sì ṣòfò. Àárín ìlú nìyẹn o, ní òwúrọ̀, níbi tí èèyàn pọ̀ sí.

Lórí ibi ìdúró, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ dáadáa. Mílímítà 1,067 ló wà láàárín irin méjèèjì ní ọ̀nà tiwa yìí, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àtààbọ̀. Ara wágọ̀nù, ìyẹn ibi tí wọ́n ń di ẹrù sí tí ẹ̀ńjìnnì ń fà, fẹ̀ ju irin lọ dáadáa, ó lè yọ síta tó mítà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Níbi tí irin kò bá ti tẹ́jú, ó tún ń mì sọ́tùn-ún sósì bó ṣe ń lọ. Okùn tapólì tó tú lè máa fì lára rẹ̀, ilẹ̀kùn tí wọn ò tì dáadáa sì lè ṣí. Ẹni tó bá dúró sórí òkúta wẹ́wẹ́ ẹ̀gbẹ́ irin láti ya fọ́tò, òkúta yẹn á yẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ ní àkókò tó yẹ kó sá. Ìṣísẹ̀ ńlá mẹ́wàá sẹ́yìn ni kí ẹ wà. Kámẹ́rà fóònù òde òní á mú un dáadáa láti ibẹ̀.

Ní tésàn ọkọ̀ ojú irin ni ewu mìíràn wà tí àwọn tó fẹ́ràn ọkọ̀ kì í kà sí. Ojú irin kan ṣoṣo ló wà láàárín tésàn kan sí èkejì, torí náà èyí tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ kò lè pàdé lójú ọ̀nà. Ọ̀kan gbọ́dọ̀ yà sí ẹ̀gbẹ́ kan ní tésàn kó lè jẹ́ kí èkejì kọjá. Tí ẹ bá rí ọkọ̀ ẹrù tó dúró láìṣe nǹkan kan, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọkọ̀ mìíràn ló ń dúró dè. Irin kejì tí ẹ kẹ́yìn sí kí fọ́tò yín lè gún ni ọkọ̀ yẹn á gbà wọlé.

Àwọn tó ń gba abẹ́ wágọ̀nù kọjá ló ń bà mí nínú jẹ́ jù. Mo rí ìyá kan tó sọ agbọ̀n tòmátì kalẹ̀, ó tì í gba abẹ́ wágọ̀nù, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì fẹ́ tẹ̀ lé e. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má gba abẹ́ rẹ̀.” Ó ní, “Ọmọ mi, ó ti pẹ́ tá a ti ń gba ibẹ̀.” Ìwọ̀ tó so wágọ̀nù pọ̀ ní àyè díẹ̀ nínú. Tí ẹ̀ńjìnnì bá fà, á kọ́kọ́ na ti àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ìkejì, lẹ́yìn náà ìkẹta, ìró gbàgàgàgà á sì sáré láti iwájú dé ẹ̀yìn. Kí ẹni tó wà lábẹ́ ti ẹ̀yìn tó mọ ohun tó ń dún, kẹ̀kẹ́ ti yí. Mo ti rí oníkámẹ́rà tó ṣe irú èyí nítorí pé oòrùn wà lódì kejì. Ẹ rìn yípo, bó ti wù kí ó jìn tó.

Ẹ má ṣe fara pamọ́ sínú igbó pẹ̀lú báàgì. Àwọn olè ń tú kílíìpù, ìyẹn irin kékeré tó di ojú irin mú, àti sílípà irin tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ rẹ̀, tà fún oníṣòwò irin àlòkù, agbófinró sì ń wá wọn. Láti ìgbà tí àwọn agbébọn ti kọlu ọkọ̀ ojú irin Àbújá sí Kàdúná ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹta ọdún 2022, ojú ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi ń wo àjèjì tó bá ń rìn kiri lẹ́bàá irin. Ẹ kọ́kọ́ lọ kí baálẹ̀ abúlé, ẹ jẹ́ kí àwọn ọdẹ mọ̀ yín, ẹ sì tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá tésàn kí ẹ tó ya ohunkóhun níbẹ̀. Kílíìpù tó bọ́ sílẹ̀, ẹ má mú un lọ ilé fún ìrántí. Ẹ sọ fún òṣìṣẹ́ tésàn pé ó bọ́, kí ẹ sì júwe ibẹ̀. Fídíò ọkọ̀ tó kó epo tàbí ọjà olówó iyebíye, ẹ má gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà tó ṣì wà lójú ọ̀nà.

Ọ̀pọ̀ máa ń ya ẹ̀ńjìnnì nìkan, wọ́n á sì pa fóònù dé. Ẹ dúró. Ẹ ka wágọ̀nù, ẹ kọ nọ́ńbà ẹ̀ńjìnnì sílẹ̀, aago tó kọjá, ibi tó kọrí sí, àti irú ẹrù tí ẹ rí: tánkà ni o, kọ̀nténà ni o. Tí ìkẹyìn bá kọjá, ẹ jẹ́ kó jìnnà títí ẹ óò fi rí irin kedere lápá méjèèjì kí ẹ tó dá a kọjá.