Bí A Ṣe Ń Fi Amọ̀ Mọ Ère Ìgbín fún Kíláàsì Iṣẹ́ Ọnà

Nígbà tí olùkọ́ bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ fi amọ̀ mọ ohun kan lára ẹ̀dá tó yí i ká, Àpáta Olúmọ ni ọ̀pọ̀ ọmọ Abẹ́òkúta kọ́kọ́ máa ń rò, ṣùgbọ́n bí àpáta náà bá ti kéré tó ohun tí a lè gbé sórí tábìlì, kì í yàtọ̀ sí òkìtì amọ̀ lásán. Ìgbín ni èmi máa ń ní kí wọ́n mú.

Ẹ wá ìgbín kan láàyè, yálà èyí tó jẹ jáde lẹ́yìn ilé nígbà tí òjò dá tàbí èyí tí ẹ rà ní ọjà Kútọ̀, kí ẹ gbé e sínú àwo, kí ẹ sì wò ó dáadáa kí ẹ tó fọwọ́ kan amọ̀. Ìwo mẹ́rin ló wà lórí rẹ̀: méjì gígùn tí ojú wà ní ṣóńṣó wọn, àti méjì kúkúrú nísàlẹ̀ lẹ́bàá ẹnu. Bí ẹ bá gbé ìkarahun rẹ̀ dúró, tí ṣóńṣó rẹ̀ wà lókè, tí ihò rẹ̀ sì kọjú sí yín, ẹ ó rí i pé apá ọ̀tún yín ni ihò náà wà. Ibí gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í: wọ́n á yí i sósì, ẹni tó bá sì ti ń ṣa ìgbín láti kékeré á mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹ̀, bí kò tilẹ̀ lè sọ ohun tó jẹ́.

Ẹ ṣa òkúta àti gbòǹgbò kúrò nínú amọ̀ yín. Ẹ gún àpáàdì ìkòkò títí yóò fi rí bí iyanrìn, kí ẹ po ago kan rẹ̀ mọ́ ago amọ̀ márùn-ún, nítorí pé òun ni kì í jẹ́ kí ère tètè sán bó bá ń gbẹ. Bí ẹ bá ká amọ̀ náà mọ́ ìka tí kò sán, ó ti tó.

Ohun tó máa wọ iná gbọ́dọ̀ ṣófo nínú. Ẹ wo ẹ̀yìn owó 20 náírà, níbi tí Ladi Kwali, gbajúmọ̀ obìnrin amọ̀kòkò, wà pẹ̀lú ìkòkò rẹ̀. Bí ìkòkò náà ṣe ṣófo ni ère yín ṣe yẹ kó rí, kí ògiri rẹ̀ má nípọn ju ìka ọwọ́ kan lọ. Ìgbà kan wà tí mo fi amọ̀ kún orí ìgbín tèmi bámúbámú, tí n kò sì jẹ́ kó gbẹ dénú. Ó bú gbàmù nínú iná, ìkarahun nìkan ló kù.

Fún ìkarahun, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ amọ̀ sí ìlàjì igbá méjì. Ẹ fi ìgbálẹ̀ họ etí wọn, ẹ fi amọ̀ olómi tó ki bí ògì pa á, kí ẹ wá pa wọ́n pọ̀, kí ẹ sì fa ìpẹ̀kun kan di ṣóńṣó. Ẹ gbẹ́ ìlà tó ń yí láti ṣóńṣó wá sí ihò. Ẹ fi eyín òòyà fa àwọn ìlà tínínrín gba ìdábùú ìlà tó ń yí náà, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ìgbín ṣe ń fi ìdàgbàsókè rẹ̀ hàn lára ìkarahun. Lẹ́yìn náà, ẹ mọ ara tó tẹ́ pẹrẹsẹ, kí ẹ họ ọ́, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn bákan náà, kí ẹ sì lu ihò kékeré sábẹ́ kí ooru lè rí ibi jáde. Ẹ jẹ́ kí ìwo kúrú kó sì ki, torí ìwo tínínrín kì í pẹ́ kán.

Ẹ fi ọ̀rá bò ó fún ọjọ́ mẹ́ta, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí afẹ́fẹ́ máa ń fa omi inú amọ̀ jáde kíákíá, lẹ́yìn náà kí ẹ ṣí i síbòòji. Ìgbà tí ẹ bá fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí kò tutù mọ́ ló ti gbẹ.

Bí iléèwé yín kò bá ní ààrò ìsunkòkò, kí àgbàlagbà wà níbẹ̀, kí ẹ kọ́kọ́ yá a lẹ́bàá iná títí yóò fi gbóná, nítorí pé omi tó bá kù nínú rẹ̀ yóò di ooru tó lè fọ́ ọ. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ to igi gbígbẹ yí i ká, kí ẹ dáná sí i. Ẹ má yọ ọ́ kí eérú tó tutù. Bí èéfín bá fi àmì dúdú sí ìkarahun náà lára, ẹ fi í sílẹ̀. Àwọ̀ ìgbín tòótọ́ kò jìnnà sí i.