Bí Mo Ṣe Fi Kámẹ́rà Alágbèéká Ṣọ́ Ilé Tí À Ń Kọ́ ní Mọ́wé

Ilé tí èmi àti ìyàwó mi ń kọ́ wà ní Mọ́wé, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Agége ni à ń gbé, nítorí náà òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ni a máa ń ráyè débẹ̀. Àdúgbò náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde ni: igbó àti ilé àkọ́ìparí ló pọ̀ jù níbẹ̀, iná mànàmáná kò sì tíì dé ọ̀dọ̀ wa. Irú ibẹ̀ rọrùn fún olè. Ẹni tó bá ti kọ́lé rí mọ ohun tí wọ́n máa ń kó: sìmẹ́ńtì tí wọ́n já sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ de iṣẹ́ ọjọ́ kejì, irin, pákó, ẹ̀rọ tó ń fa omi, àti wáyà iná tí wọ́n máa ń fà yọ látinú páìpù inú ògiri, tí wọ́n á sì fọ́ ògiri tí a ti rẹ́ kí wọ́n tó rí i fà. Èyí ló ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé lọ́pọ̀ ìgbà, àtúnṣe ibi tí olè bàjẹ́ máa ń gba owó ju ẹrù tó jí lọ.

A ní máígádì, èèyàn dáadáa sì ni, ṣùgbọ́n kò sí ẹni kan ṣoṣo tó lè lajú sílẹ̀ tọ̀sán-tòru. Mo wá pinnu láti ra kámẹ́rà tó ń lo sólà àti síìmù, nítorí pé kò nílò iná ìjọba, kò sì nílò Wi-Fi. Kí n tó sanwó, mo ní kí ẹni tó ń tà á ki síìmù mi bọ inú rẹ̀ lójú mi, nítorí pé àwọn kan wà tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, tí wọn kò lè gba gbogbo ìgbì nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí à ń lò ní Nàìjíríà. Mo ti kọ́kọ́ fi fóònù wò ó ní ibi iṣẹ́ náà, lọ́sàn-án àti lóru, kí n lè mọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó lágbára jù níbẹ̀. Mo sì yọ nọ́ńbà àṣírí kúrò lórí síìmù, nítorí pé kámẹ́rà kò ní lè tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀.

Ohun tó yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú èyí fi sọ́kàn ni pé ẹrù ni kámẹ́rà ń ṣọ́, ẹrù sì máa ń pààrọ̀ àyè bí iṣẹ́ bá ṣe ń lọ. Nígbà ìpìlẹ̀, irin àti sìmẹ́ńtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì ni olè ń wò. Nígbà tí a bá fẹ́ kan òrùlé, ó di pákó àti páànù. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di wáyà inú ilé. Kámẹ́rà tí wọ́n bá kàn mọ́ ojú kan kò ní pẹ́ tí yóò fi máa ṣọ́ ilẹ̀ òfìfo. Nítorí náà, mo ṣe òpó tó ṣeé yí kiri fún kámẹ́rà náà: mo gba táyà ọkọ̀ àjàgbé tó ti gbó lọ́wọ́ fọkanáísà, wẹ́dà jó irin mọ́ ìdí páìpù tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 12, a gbé e dúró sáàárín táyà náà, bíríkìlà wa sì da kọnkéré sí i títí ó fi kún. Ó wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnì kan kò lè dá gbé e sá lọ, ṣùgbọ́n ọkùnrin méjì lè dẹ̀ ẹ́ tẹ̀, kí wọ́n máa yí i lọ bí ìgbà tí ènìyàn bá ń yí odó.

Ibi tí a dojú kámẹ́rà kọ ṣe pàtàkì gidigidi. Ìgbóná ara ẹni tó ń rìn ni irú kámẹ́rà yìí fi ń mọ̀ pé ènìyàn dé, ó sì tètè máa ń rí ẹni tó bá gba iwájú rẹ̀ kọjá ju ẹni tó bá ń bọ̀ tààrà sọ́dọ̀ rẹ̀ lọ. Mo gbé òpó náà sí igun tí ẹnikẹ́ni tó bá ti ẹnu géètì lọ síbi ẹrù yóò fi gba iwájú rẹ̀ kọjá, èmi fúnra mi sì rìn ín wò lálẹ́ kí n tó fi í sílẹ̀. Pánẹ́ẹ̀lì sólà kọjú sí gúúsù, a sì dẹ̀ ẹ́ díẹ̀ kí òjò lè máa fọ̀ ọ́. Nígbà ọyẹ́, máígádì máa ń fi aṣọ tútù nu eruku orí rẹ̀.

Ní ti dátà, mi ò jẹ́ kí ó máa gbé àwòrán ránṣẹ́ láìdúró. Bí ènìyàn bá ń wo àwòrán tó ń lo mẹ́gábíìtì kan ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ, nǹkan bí 450MB ni yóò jẹ ní wákàtí kan ṣoṣo. Ìgbà tó bá rí ènìyàn nìkan ni ó máa ń fi àwòrán ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Ìyẹn sì ní àǹfààní mìíràn: bí olè bá tilẹ̀ gbé kámẹ́rà lọ pẹ̀lú káàdì inú rẹ̀, àwòrán rẹ̀ ti dé ọwọ́ mi. Aláǹtakùn ló kọ́kọ́ yọ wá lẹ́nu. Ó ta òwú sójú kámẹ́rà, iná tí kámẹ́rà fi ń ríran lóru ń tàn lára òwú náà, gbogbo àwòrán sì di funfun gbòò. Ìgbálẹ̀ kékeré tí a so mọ́ igi gígùn ni a fi ń gbá a kúrò láti ìgbà náà.

Kámẹ́rà kò lè di olè mú, ènìyàn ni yóò sáré débẹ̀. Nítorí náà ni mo fi lọ kí bàbá tó jẹ́ alága ẹgbẹ́ onílé àdúgbò. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, bí ẹ bá rí nǹkan lóru, ẹ kọ́kọ́ pe olórí ọdẹ wa, torí òun ló wà nítòsí. Lẹ́yìn náà kí ẹ pe ọlọ́pàá." Mo gba nọ́ńbà olórí ọdẹ náà, mo sì ṣètò fóònù rẹ̀ kí òun náà lè máa rí àwòrán. Mo tún kó àwọn òṣìṣẹ́ jọ, mo fi kámẹ́rà hàn wọ́n, mo sì ṣàlàyé fún wọn pé ẹrù ni à ń ṣọ́, pé mi ò ní fi àwòrán ẹnikẹ́ni ṣeré kiri orí WhatsApp. Nàìjíríà ní òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni aráàlú láti ọdún 2023, ṣùgbọ́n bí kò tilẹ̀ sí òfin, ó yẹ kí n bọ̀wọ̀ fún ẹni tó ń bá mi ṣiṣẹ́.

Ní òru ọjọ́ kan tí wáyà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé, fóònù mi dún. Ọ̀kadà kan dúró lẹ́yìn fẹ́ǹsì láìtan iná, ọkùnrin kan ti fo wọlé, èkejì ń na àpò sí i. Mo pe olórí ọdẹ. Ó ti rí i kí n tó pè é, fèrè sì ti ń dún. Wọ́n sá lọ, wọ́n fi àpò òfìfo àti ohun tí wọ́n fẹ́ fi gé wáyà sílẹ̀ lẹ́bàá fẹ́ǹsì. Ní òwúrọ̀, a kó àwòrán náà fún ọlọ́pàá, a sì yí òpó kámẹ́rà súnmọ́ ẹ̀yìn ilé, níbi tí wọ́n gbà wọlé.