Bí Mo Ṣe Rán Aṣọ Ìyàwó Ayé Ọbabìnrin Victoria

Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ní Lọ́ńdọ̀nù fẹ́ fi ìgbéyàwó Sara Forbes Bonetta ṣeré, èmi ni wọ́n sì gbé aṣọ ìyàwó fún. Ọmọ Ẹ̀gbádò ni Sara, Ọbabìnrin Victoria ló ń gbọ́ bùkátà rẹ̀. Ọjọ́ 14, oṣù kẹjọ, 1862 ló fẹ́ James Davies ní ṣọ́ọ̀ṣì St Nicholas, Brighton. Mo ní bí a bá máa ṣe é, ká kúkú pa èèwọ̀ àwọn ìyàwó ìgbà náà mọ́.

Sátínì funfun ni mo rà. Victoria ló jẹ́ kí funfun gbayì nígbà tó wọ̀ ọ́ ṣègbéyàwó ní 1840. Àwọ̀ ewé ni wọ́n ń sá fún. Wọ́n ní ojú á ti ìyàwó tó bá wọ̀ ọ́.

Òdòdó ọsàn ni Victoria fi ṣe adé, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìyàwó ń lo èyí tí wọ́n fi ìda ṣe. Mo wé òwú mọ́ ẹnu wáyà tín-ín-rín, mo yọ́ àbẹ́là funfun, mo wá ń rì wọ́n bọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ìda bá gbóná jù, á ṣàn dànù, òwú á wà níhòòhò; bó bá tutù jù, á dì gbagidi bí ẹ̀kọ. Mo ń rì í, mo ń yí i, títí orí rẹ̀ fi ń dán roboto.

Wọ́n ní a kì í rán aṣọ ìyàwó tán títí yóò fi fẹ́ jáde lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. (Ó jọ pé télọ̀ ló dá èèwọ̀ yìí sílẹ̀.) Mo fi etí ìsàlẹ̀ aṣọ sílẹ̀ díẹ̀, abẹ́rẹ́ ń rọ̀ níbẹ̀. Ẹ̀yìn ìtàgé ni mo kúnlẹ̀ sí tí mo ti parí rẹ̀.

Ìyàwó tó bá ti múra tán kò gbọdọ̀ wo jígí, àfi kó bọ́ ìbọ̀wọ́ kan.

Ọmọ tó ń ṣe ìyàwó bi mí pé: "Àǹtí, ṣé jígí ni wọ́n ka fóònù náà sí?"

"Ṣáà bọ́ ìbọ̀wọ́."

Sísì fàdákà, owó ẹyọ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ tí wọ́n ń fi sínú bàtà ìyàwó, ọwọ́ àwọn tó ń ta owó àtijọ́ ni mo ti rí i. Mo wo ọdún ara rẹ̀ dáadáa, torí láti 1947 kò sí fàdákà nínú sísì mọ́.

Ó wá ku ọjọ́. Orin wọn ní Ọjọ́ Ajé ni ti owó, Ọjọ́rú ló dára jù, Ọjọ́bọ̀ kò sunwọ̀n, Sátidé kò lóríire rárá. Ọjọ́bọ̀ sì ni Sara ṣe tirẹ̀. Sátidé nìkan ni gbọ̀ngàn ìjọ ṣófo, la bá ṣe é ní Sátidé.