Kí Wọ́n Tó Ra Bátìrì Tuntun, Mo Gun Òrùlé

Ìyá kan tó ń ta ẹja dídì ní Ìbàdàn ló ránṣẹ́ pè mí. Firísà wọn kì í dì dáadáa mọ́, iná sólà tó máa ń gbé wọn di òwúrọ̀ sì ti ń kú lóru. Ẹni tó kọ́kọ́ wò ó ti sọ fún wọn pé bátìrì ti gbó, kí wọ́n lọ wá owó òmíràn. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n yẹ páńẹ́ẹ̀lì wò ná. Bátìrì tí kò jẹun kánú lọ́sàn-án, ibo ni yóò ti rí agbára lóru?

Páńẹ́ẹ̀lì mẹ́jọ ló wà lórí páànù, 550 wáàtì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n so tẹ̀léra, kí ìlà méjèèjì tó pàdé wọ inú ínfátà. Inú mi dùn nígbà tí mo rí i pé ìlà méjì ni, torí mo lè fi ọ̀kan wọn èkejì. Inú yàrá àyẹ̀wò ni wọ́n ti ka nọ́ńbà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn páńẹ́ẹ̀lì, níbi tí ara rẹ̀ kò ti gbóná ju 25°C lọ. Lórí páànù tiwa, ó lè gbóná dé 60°C tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, fólítì rẹ̀ á sì wálẹ̀ láìṣe pé àìsàn kankan ń ṣe é. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹnìkejì rẹ̀ tó wà lábẹ́ oòrùn kan náà ni mo máa ń fi wọn páńẹ́ẹ̀lì.

Àárọ̀ kùtù ni mo gòkè. Eruku ọyẹ́ ti bo gbogbo wọn, ìgbẹ́ ẹyẹ sì ti gbẹ mọ́ méjì lára. Ìgbẹ́ ẹyẹ burú ju eruku lọ, torí sẹ́ẹ̀lì tó bá bò kò ní lè bá àwọn yòókù rìn mọ́, iná tí wọ́n ń mú wá á máa di ooru sí i lára. Omi lásán àti àkísà rírọ̀ ni mo fi fọ̀ wọ́n kí oòrùn tó mú, nítorí omi tútù lè la gíláàsì tó ti gbóná. Lẹ́yìn náà ni mo wá wo ojú àti ẹ̀yìn wọn fún ibi tó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ibi tó lé bí ìléròrò, àti bóyá ẹ̀yìn funfun náà ń yọ lẹ́búlẹ́bú sí mi lọ́wọ́ bí ẹfun. Kò sí èyíkéyìí níbẹ̀. Orí wáyà kan tí wọ́n ń pè ní MC4, èyí tí wọ́n fi ń so wáyà páńẹ́ẹ̀lì pọ̀, nìkan ló ti jóná díẹ̀. Akọ àti abo rẹ̀ kì í ṣe ọmọ ilé-iṣẹ́ kan náà, wọn ò sì wọ ara wọn dáadáa.

Nígbà tó di nǹkan bí aago mọ́kànlá, mo fi mítà aláfẹnumú, èyí tó ń fẹnu gbá wáyà mú láti ka ámpì, wo ìlà méjèèjì. Ẹ rí i pé tiyín lè ka DC, ìyẹn irú iná tó ń ti ara páńẹ́ẹ̀lì àti bátìrì wá, torí ọ̀pọ̀ tó wà lọ́jà jẹ́ fún iná NEPA nìkan. Kí n tó kà á, mo ní kí wọ́n tan gbogbo firísà. Tí bátìrì bá ti kún, tí kò sì sí ohun tó ń jẹ iná, ínfátà fúnra rẹ̀ á fa páńẹ́ẹ̀lì sẹ́yìn, a ó wá rò pé páńẹ́ẹ̀lì tó yè ti kú. Ìlà kìíní gbé 9.8 ámpì. Ìkejì ò ju 6.1 lọ.

“Ọmọ mi, ṣé kì í ṣe bátìrì?” Mo ní kí wọ́n fara balẹ̀ fún mi.

Mo pa ínfátà, mo já bírékà páńẹ́ẹ̀lì, mo sì fi mítà rí i pé ámpì ti di òdo kí n tó tú orí wáyà kankan. Ẹ má ṣe tú MC4 nígbà tí iná ń kọjá nínú rẹ̀ láé. Iná DC tó bá ta kì í tètè kú, ó lè jó ọwọ́, ó sì lè jó ilé.

Ìlà kìíní ka 180 fólítì, ìkejì 165. Mo wá ń kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan: 45, 45, 45, lẹ́yìn náà 30. Ọ̀nà mẹ́ta ni inú páńẹ́ẹ̀lì pín sí, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní dáódù tó ń jẹ́ kí iná gba ẹ̀gbẹ́ kọjá nígbà tí òjìji bá bo apá ibẹ̀. Tí dáódù kan bá jó pa pọ̀, ìdá kan nínú mẹ́ta fólítì á lọ. Mo gbójú sókè, mo rí táńkì omi tí òjìji rẹ̀ máa ń bo páńẹ́ẹ̀lì yẹn gan-an ní ìrọ̀lẹ́. Lójú tèmi, iṣẹ́ tí dáódù náà ń ṣe lójoojúmọ́ nínú ooru ló pa á. Wọ́n ti fi gọ́ọ̀mù dí àpótí rẹ̀ pa, kò ṣeé tú tún ṣe.

A ra páńẹ́ẹ̀lì kan tí ámpì rẹ̀ bá tàwọn yòókù dọ́gba, torí nínú ìlà kan, èyí tí ámpì tiẹ̀ kéré jù ló ń fa àwọn yòókù sẹ́yìn. A sún un kúrò lábẹ́ òjìji táńkì, mo sì pààrọ̀ MC4 tó jóná sí akọ àti abo ilé-iṣẹ́ kan náà. Ámpì ìlà méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba báyìí, firísà sì ń ṣiṣẹ́ mọ́jú lórí bátìrì àtijọ́ yẹn. Mo kọ fólítì àti ámpì ìlà kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú aago tí mo kà wọ́n, sórí ìwé tí mo lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ínfátà, kí ẹni tó bá tún wá wò ó lè ní ohun tí yóò fi wé e.