Ẹ yẹ ìdí ike oúnjẹ ẹyẹ wò kẹ́ ẹ tó rà á

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tó bá fẹ́ ra ike oúnjẹ ẹyẹ tí wọ́n ń so kọ́ sẹ́yìnkùlé, ẹ kọ́kọ́ yí ìdí rẹ̀ wò. Tí kò bá ní ihò wẹ́wẹ́ tí omi lè gbà jáde, ẹ fi sílẹ̀, bó ti wù kó lẹ́wà tó. Àwọ̀ ló fà mí ra tèmi; òjò kan péré, ọkà inú rẹ̀ lẹ̀ mọ́ra wọn, ó bu, ó ń rùn.

Kó ṣeé tú palẹ̀ o, torí fífọ̀ ọ́ niṣẹ́ ibẹ̀. Lọ́sẹ̀ méjì-méjì, ẹ da èyí tó kù nù, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ha igun ìsàlẹ̀, ibẹ̀ ni ìdọ̀tí ń sá sí. Ẹ rì í sínú omi àti bílíìṣì, ìwọ̀n bílíìṣì 1 sí omi 9, fún ìṣẹ́jú 10. Ẹ ṣàn án dáadáa, kó gbẹ pátápátá kẹ́ ẹ tó bu ọkà tuntun sí i.

Tó bá máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kó má jìnnà ju mítà 1 lọ sí gíláàsì, kí ẹyẹ má baà ráyè fi eré forí sọ ọ́. Ọ̀kẹ́rẹ́ ńkọ́? Ẹ gbé e jìnnà sí ẹ̀ka igi, àmọ́ ọ̀lọ́gbọ́n ni wọ́n.

Tẹ́ ẹ bá rí ẹyẹ tó ń ṣàìsàn níbẹ̀, ẹ sọ ike náà kalẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì.