Bí Agbẹjọ́rò Ilẹ̀ Ọ̀kun Ṣe Lè Kọ́ Òfin Amẹ́ríkà fún Ìdánwò Báà

Agbẹjọ́rò tó ti ń dúró níwájú adájọ́ ní Kábà tàbí ní Ìsánlú fún ọdún mélòó kan, tó wá fẹ́ jókòó fún ìdánwò báà, èyí tí ènìyàn gbọ́dọ̀ yege kó tó lè ṣe agbẹjọ́rò, ní Amẹ́ríkà, yóò rí i pé ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni yóò fẹ́ ṣì í lọ́nà jù. Ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni òfin tiwọn àti tiwa ti ṣẹ̀ wá, wọ́n sì jọra débi pé ènìyàn lè fi gbogbo ẹnu dáhùn ìbéèrè kan, kó má sì mọ̀ pé òfin Nàìjíríà ni òun fi dáhùn. Nítorí náà, ẹ ra ìwé ńlá kan, kí ẹ fa ìlà sí àárín ojú ewé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ òfin Amẹ́ríkà sí apá ọ̀tún, kí ẹ sì kọ ohun tí à ń ṣe nílé sí apá òsì. Níbi tí méjèèjì bá ti bára mu, ẹ kọjá kíákíá. Níbi tí wọ́n bá ti yapa ni kí ẹ ti lo àkókò yín.

Ẹ kọ́kọ́ mọ bí ìdánwò náà ṣe rí. Èyí tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ti ń lò láti ọjọ́ yìí wá, tí wọ́n ń pè ní Uniform Bar Exam, jẹ́ ọjọ́ méjì. Ní ọjọ́ kan, ìbéèrè 200 ni wọn yóò gbé síwájú yín kí ẹ yan ìdáhùn, 100 ní òwúrọ̀, 100 ní ọ̀sán, wákàtí mẹ́ta mẹ́ta. Ní ọjọ́ kejì, ẹ ó kọ àròkọ mẹ́fà, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti iṣẹ́ agbẹjọ́rò méjì, irú èyí tí agbẹjọ́rò ń ṣe ní ọ́fíìsì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba 90 ìṣẹ́jú. Àpapọ̀ máàkì jẹ́ 400, New York sì ń béèrè 266. Àwọn ìpínlẹ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í lo ìdánwò tuntun, NextGen, láti oṣù Keje 2026, nítorí náà ẹ wádìí èyí tí ìpínlẹ̀ tí ẹ fẹ́ ń lò kí ẹ tó náwó sórí ìwé.

Òfin ọ̀daràn ni mo ní kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé àwa tí a wà ní Kogi ni yóò kọ́kọ́ ṣe lọ́ṣẹ́. Penal Code ti Àríwá ni a fi tọ́ wa dàgbà nídìí iṣẹ́ yìí, èyí tó ń pe ìpànìyàn ní culpable homicide, tó sì pín in sí èyí tí ikú jẹ́ ìyà rẹ̀ àti èyí tí kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo ń dánra wò, mo kọ culpable homicide sínú àròkọ odindi, gbogbo àlàyé mi gún régé, ṣùgbọ́n òfin tí mo ń ṣàlàyé kò sí lórí tábìlì wọn. Murder ni tiwọn, malice aforethought, ìyẹn èrò ibi tí òfin ń wá lọ́kàn apànìyàn, sì ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ọ̀nà mẹ́rin ni èyí ń gbà wáyé: kí ènìyàn ní i lọ́kàn láti pani, kí ó ní i lọ́kàn láti ṣeni léṣe gidigidi, kí ó hùwà bí ẹni tí kò ka ẹ̀mí ọmọ ènìyàn sí rárá, tàbí kí ẹnì kan kú níbi tí ó ti ń ṣe ọ̀ràn ńlá bí ìdigunjalè tàbí ìdánásunlé. Ẹ kọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí páálí, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí ẹ ti máa ń fọ eyín.

Ní ti àdéhùn, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ bi ara yín ni pé: ṣé ọjà tó ṣeé gbé ni, àbí iṣẹ́ tàbí ilẹ̀? Bí ó bá jẹ́ ọjà, Article 2 ti Uniform Commercial Code, òfin wọn lórí ọjà títà, ló kàn. Bí kò bá jẹ́ ọjà, ẹ padà sí common law, òfin àtijọ́ tó ti ọwọ́ àwọn adájọ́ wá. Èmi máa ń gbé ọ̀ràn wá sílé kí n tó dá a padà sí Amẹ́ríkà. Ká ní oníṣòwò kan ní Ìyàrà fi ẹnu lásán ta àpò kajú fún oníṣòwò mìíràn ní iye tó jẹ́ 2,000 dọ́là. Ọjà tó bá tó 500 dọ́là tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ ní ìwé tí ẹni tí a ń pè lẹ́jọ́ fọwọ́ sí, nítorí náà ẹni tó fẹ́ yẹ àdéhùn lè ní kò sí ìwé. Ṣùgbọ́n bí oníṣòwò kejì bá ti fi ìwé ránṣẹ́ láìpẹ́ láti fi ìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀, tí ẹni àkọ́kọ́ sì gbà á, tí kò fi ìwé tako ohun tó wà nínú rẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, ìwé náà yóò mú òun náà. Bákan náà ni bí ó bá ti gba owó àpò mélòó kan, kò lè sẹ́ àdéhùn lórí àwọn àpò wọ̀nyẹn.

Ẹ̀rí àgbọ́sọ, hearsay, ni ọ̀pọ̀ ń bẹ̀rù, bẹ́ẹ̀ ìbéèrè kan ṣoṣo ló tú u: kí ni wọ́n fẹ́ fi ọ̀rọ̀ náà ṣe? Èrò ọkọ̀ kan ní gáréèjì Kábà sọ fún awakọ̀ kí wọ́n tó gbéra sí Lọ́kọ́ja pé, “Ẹ̀gbọ́n, bíréèkì yín kò mú o.” Bí wọ́n bá mú ọ̀rọ̀ yìí wá láti fi hàn pé bíréèkì kò mú lóòótọ́, hearsay ni. Bí wọ́n bá mú un wá láti fi hàn pé wọ́n ti kìlọ̀ fún awakọ̀, kì í ṣe hearsay, yálà bíréèkì mú tàbí kò mú. Bó bá wá jẹ́ awakọ̀ fúnra rẹ̀ ló sọ lẹ́yìn ìjàǹbá pé, “Mo ti mọ̀ láti àná pé kò mú,” tí èrò náà sì pè é lẹ́jọ́, Rule 801 nínú òfin ẹ̀rí ilé ẹjọ́ àpapọ̀ wọn kò ka ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tí a ń pè lẹ́jọ́ sí hearsay rárá. Ẹ ṣọ́ra níbí: ìdáhùn kan yóò sọ pé hearsay ni ṣùgbọ́n òfin yọ̀ǹda rẹ̀, òmíràn yóò sọ pé kì í ṣe hearsay, èyí tó tọ̀nà sì ni ti ìkejì.

Nípa ilẹ̀, ẹ gbé òfin ilẹ̀ ẹbí tì síbì kan. Kò sí olórí ẹbí tí ẹ ó wá ìyọ̀ǹda rẹ̀. Ẹni tó ta ilẹ̀ kan náà fún ẹni méjì, tí gbogbo wa mọ irú rẹ̀, ni wọ́n máa ń gbé kalẹ̀, bí ìwé ṣe wọlé sí ọ́fíìsì ìjọba ló sì ń pinnu ẹni tó ni ín. Ìbéèrè máa ń kọ òfin ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀ fún yín. Bí ó bá sọ “without notice” nìkan, ẹni tó rà kẹ́yìn tó sanwó láìmọ̀ pé ẹnì kan ti rà á ló nílẹ̀, bí ẹni àkọ́kọ́ kò bá tíì forúkọ ìwé tirẹ̀ sílẹ̀. Bí ó bá sọ bẹ́ẹ̀, tó sì fi “first recorded” kún un, ẹni náà gbọ́dọ̀ tún ṣáájú forúkọ sílẹ̀. Bí “first recorded” nìkan ló wà níbẹ̀, ẹni tó kọ́kọ́ dé ọ́fíìsì ló ni ín.

Ní ti ilé ẹjọ́ àpapọ̀, bí ẹjọ́ kò bá dá lórí òfin àpapọ̀, olùpẹ̀jọ́ kankan kò gbọdọ̀ jẹ́ ará ìpínlẹ̀ kan náà pẹ̀lú olùjẹ́jọ́ kankan, owó náà sì gbọ́dọ̀ ju 75,000 dọ́là lọ. 75,000 géérégé kò tó.

Lójoojúmọ́, kí iná tó lọ, ẹ kọ òfin márùn-ún láti orí, láìwo ìwé. Lẹ́yìn náà ẹ dáhùn ìbéèrè 25 láàárín ìṣẹ́jú 45, kí ẹ sì ka àlàyé èyí tí ẹ gbà àti èyí tí ẹ kùnà. Ẹ tẹ àwọn ìbéèrè náà sórí ìwé, ẹ má gbára lé íntánẹ́ẹ̀tì. Ní ọ̀sẹ̀ méjì tó kẹ́yìn, ẹ fi òwúrọ̀ Sátidé méjèèjì ṣe iṣẹ́ agbẹjọ́rò oní 90 ìṣẹ́jú. Gbogbo òfin tí ẹ nílò fún un ti wà nínú ìwé tí wọn yóò fún yín; ẹ kọ́ bí ẹ ó ṣe kà á tán láàárín ìṣẹ́jú 45, kí ìyókù lè wà fún kíkọ.