Owó kékeré ni o, owó ńlá ni o: bẹ́ ẹ ṣe lè ra jùẹ́lírì olókùúta aláwọ̀ tẹ́ ẹ ò ní kábàámọ̀ ẹ̀

Ọ̀rẹ́ mi kan pè mí lọ́jọ́ kan, ó ní òun fẹ́ ra òrùka rúbì fún ìyàwó òun, rúbì tó tóbi, tó pupa fòò, àmọ́ owó tó wà lọ́wọ́ òun ò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀. Mo ní wàá rí i rà o, rúbì ńlá olówó pọ́ọ́kú pọ̀ nígboro, àmọ́ tó o bá gbé e síta lọ́sàn-án gangan, àwọ̀ ẹ̀ á dà bíi ti bíríkì tí òjò ti ń pa láti ọdún mẹ́wàá. Ló bá dákẹ́. Mo bi í pé ṣé orúkọ rúbì lo fẹ́ fún un ni àbí òkúta pupa tó rẹwà? Ó ronú díẹ̀, ó ní òkúta pupa tó rẹwà ni. Mo ní ọ̀rọ̀ ti bùṣe nìyẹn, gánẹ́ẹ̀tì ni kó o lọ rà.

Ohun tí mo máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí nìyẹn: òkúta tí owó ẹ̀ ò pọ̀ tó jẹ́ ọ̀gá láàárín àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ sàn ju òkúta olórúkọ ńlá tó jẹ́ pé àṣàkù ni.

Ibi tẹ́ ẹ máa lò ó sí lára ló ṣáájú owó

Ọwọ́ ò kì í sinmi. Ó ń kan ìlẹ̀kùn, ó ń gbá tábìlì, ó ń wọ inú báàgì lọ wá kọ́kọ́rọ́, nígbà tí etí àti ọrùn jókòó jẹ́jẹ́ tiwọn, torí náà òkúta tó bá máa wà lórí òrùka gbọ́dọ̀ le ju èyí tó máa wà lórí yẹtí tàbí pẹ́ńdáńtì lọ. Òṣùwọ̀n kan wà tí wọ́n ń pè ní Mohs, láti 1 dé 10, bí nọ́ńbà òkúta bá ṣe ga tó ló ṣe ṣòro tó fún nǹkan míì láti ha á. Dáyámọ́ńdì wà ní 10, rúbì àti sàfáyà (òkúta tí àwọn èèyàn mọ̀ sí búlúù) wà ní 9, tópásì àti spinel ní 8, émírádì tó ní àwọ̀ ewé ní 7.5 sí 8, ámétísì àti citrine tó jẹ́ yẹ́lò ní 7, tanzanite ní 6 sí 7, opal ní 5.5 sí 6.5, péálì ò tiẹ̀ ju 2.5 sí 4.5 lọ. Nọ́ńbà 7 yẹn ni kẹ́ ẹ dì mú o, torí nínú eruku lásán tó ń bà lé àga àti tábìlì, àwọn hóró yanrìn tín-ín-tìn-ìn-tín wà níbẹ̀ tí líle wọn tó 7. Bẹ́ ẹ bá ní òkúta tó rọ̀ ju ìyẹn lọ tẹ́ ẹ sì ń fi aṣọ gbígbẹ nù ún lójoojúmọ́, ẹ rò pé ẹ ń tọ́jú ẹ̀ ni, eruku lẹ fi ń ha á.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Mo ní òrùka opal kan tí mo fẹ́ràn débi pé mi ò kì í bọ́ ọ, mo fi ń fọ abọ́, mo fi ń túnlé ṣe, kò tó ọdún méjì tí ojú ẹ̀ fi rí ràkọ̀ràkọ̀ bíi gíláàsì tí wọ́n fi yanrìn fọ̀, iná aláwọ̀ oríṣiríṣi tó máa ń kọ mànà nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀, mo wá ń yí i síbí yí i sọ́hùn-ún kí n tó rí i. Mi ò lè dá ẹni tó tà á fún mi lẹ́bi. Ká ní yẹtí ni mo rà ni, bóyá títí di òní ló ṣì ń dán.

Líle nìkan kọ́ ṣá. Émírádì le, àmọ́ ojú sísán máa ń pọ̀ nínú ẹ̀, tó bá forí sọ nǹkan ó lè fọ́ létí, bẹ́ẹ̀ náà ni tanzanite, ẹ̀rù ìkọlù ń bà á gan-an. Tó bá jẹ́ pé dandan ni kẹ́ ẹ fi irú wọn ṣe òrùka tẹ́ ẹ máa lò lójoojúmọ́, ẹ ní kí wọ́n fi góòlù tàbí fàdákà yí etí òkúta náà ká pátápátá, kì í ṣe kó jẹ́ pé irin tín-ín-rín mẹ́rin péré, tí wọ́n ń pè ní èékánná, ló dì í mú.

Tó bá jẹ́ owó péré ló wà

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀. Ámétísì, citrine, gánẹ́ẹ̀tì, blue topaz, peridot tó ní àwọ̀ ewé, ibi tẹ́ ẹ máa wò nìyẹn. Ẹ jẹ́ n tiẹ̀ sọ ti ámétísì, ìyẹn òkúta aláwọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ àlùkò, torí àwọn èèyàn máa ń fojú di í. Nígbà kan, òun àti rúbì àti émírádì ni wọ́n jọ ń jókòó pọ̀ nílé ọba, àfìgbà tí wọ́n wa ọ̀pọ̀ yanturu ẹ̀ nílẹ̀ Brazil ní ọ̀rúndún 19 ni owó ẹ̀ bá já wálẹ̀. Òkúta yẹn ò yí padà o, pé ó pọ̀ nìkan ló sọ ọ́ di olówó pọ́ọ́kú. Torí pé ó pọ̀ náà ni mo ṣe ń sọ pé ẹ má gba gbẹ̀rẹ́ fún ẹnikẹ́ni lórí ẹ̀: tí ámétísì bá ní ẹ̀gbin nínú tí ojú lè rí, tàbí tí wọ́n gé e wọ́gọwọ̀gọ, ẹ gbé e sílẹ̀, òmíì tó dáa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá àwọ̀ ẹ̀ dọ́gba, ẹ da ojú ẹ̀ dé orí bébà funfun kẹ́ ẹ wò ó láti ẹ̀yìn, àwọ̀ tó pín sí ìlà ìlà á hàn kedere, ibì kan á dúdú, ibì kan á mọ́ bí omi.

Ti gánẹ́ẹ̀tì, dúdú àdújù ni ìṣòro ẹ̀. Lábẹ́ iná ìsọ̀ ó máa ń pọ́n bí ẹyin iná, tẹ́ ẹ bá wá gbé e kúrò lábẹ́ iná, ó di èédú. Ẹ fi ọwọ́ ṣíji bò ó kẹ́ ẹ tún wò ó, bí pupa ẹ̀ bá ṣì ń hàn, ẹ máa ná an. Ohun tí mo fẹ́ràn lára ẹ̀ ni pé wọn kì í sábà fi iná sè é tàbí kùn ún, bó ṣe jáde nínú ilẹ̀ náà ni wọ́n gé e. Citrine ní tiẹ̀, èyí tó pọ̀ jù lórí àtẹ, ámétísì tí wọ́n fi iná yan títí tó fi di yẹ́lò ni, àwọ̀ ẹ̀ ò sì ní ṣí, kò sí wàhálà. Blue topaz náà, tópásì funfun ni tẹ́lẹ̀, ẹ̀rọ ìtànṣán àti iná ló sọ ọ́ di búlúù, torí náà tí ẹnì kan bá ń sọ fún yín pé ọ̀wọ́n gógó ni torí pé búlúù ẹ̀ ṣọ̀wọ́n, ẹ rẹ́rìn-ín kẹ́ ẹ kọjá.

Tó bá wá jẹ́ pé rúbì ṣá lọkàn yín fẹ́, tí owó ò sì gbé e, ẹ ra èyí tí wọ́n ṣe ní láàbù. Kì í ṣe gíláàsì o. Láti 1902 ni Auguste Verneuil, ará Faransé, ti fi ọ̀nà tó ń gbà fi iná ṣe rúbì hàn fáyé, ohun tó wà nínú tinú ilẹ̀ náà ló wà nínú ẹ̀, líle wọn dọ́gba. Kí ẹni tó ń tà á ṣáà ti sọ pé láàbù ni, kí owó ẹ̀ jẹ́ owó láàbù, kẹ́yin náà má sì retí pé ẹ máa tún un tà gba owó ńlá.

Irin tí wọ́n fi gbé e, fàdákà 925 ni kẹ́ ẹ mú, ìyẹn ni pé nínú 1,000, 925 jẹ́ fàdákà gidi. Èyí tí wọ́n kàn da omi góòlù sí lára, òrùka ẹ̀ máa ń kọ́kọ́ bó lábẹ́, níbi tó ń kan àtẹ́lẹwọ́. Yẹtí oní-omi-góòlù lè pẹ́ díẹ̀, òrùka ẹ̀ ò lè pẹ́.

Tí owó bá gbé e díẹ̀ sí i

Ibí yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, torí owó àárín ló ń ra òkúta tó ń mú kí ẹni tó mọ̀ ọ́n bi yín pé níbo lẹ ti rí i. Spinel ni mo máa kọ́kọ́ dárúkọ. Òkúta pupa ràgàjì tó wà níwájú adé ọba Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ń pè ní Black Prince's Ruby, spinel ni, kì í ṣe rúbì rárá, ọ̀pọ̀ ọdún làwọn ọba fi gbé e sórí tí wọn ò mọ̀. Ó le tó 8, wọn kì í sábà sè é, ó ní pupa, píǹkì, búlúù, àti eléérú kan tó rẹwà gan-an. Tourmaline náà wà, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí àwọ̀ tí kò ní, òmíì tiẹ̀ máa ń ní píǹkì nínú àti àwọ̀ ewé léèpo. Ẹ ṣáà ṣọ́ra fún orúkọ Paraíba, tourmaline tí kọ́pà wà nínú ẹ̀ tó ń tàn bí iná niọ́ọ̀nù ni ìyẹn, tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní Brazil, owó tiẹ̀ lè ju ti sàfáyà tó dáa lọ, kò sẹ́ni tó máa tà á fún yín ní ẹ̀dínwó. Aquamarine wà fún ẹni tó fẹ́ búlúù jẹ́jẹ́, tanzanite wà fún ẹni tó fẹ́ búlúù tó dà pọ̀ mọ́ àwọ̀ àlùkò. Àgbègbè kan ṣoṣo lórílẹ̀-èdè Tanzania ni wọ́n ti ń wa tanzanite láti 1967, àmọ́ ẹ rántí ohun tí mo sọ nípa ìkọlù, pẹ́ńdáńtì ló yẹ ẹ́.

Ọgbọ́n kan wà níbí tó máa dá owó sí yín lápò. Káráàtì tí wọ́n fi ń díwọ̀n òkúta, gíráàmù 0.2 péré ni ọ̀kan. Iye tí wọ́n ń gba lórí káráàtì kan máa ń fò sókè tí òkúta bá ti pé 1, pé 2, pé 3, torí náà 0.90 lè dínwó ju 1.00 lọ dáadáa, kò sì sí ojú tó lè dá wọn mọ̀ lórí ìka. Ẹ tún máa fi mílímítà ra òkúta, ẹ má fi káráàtì nìkan rà á, torí òkúta wúwo ju ara wọn lọ: rúbì wúwo ju ámétísì lọ dáadáa, tí ìwọ̀n wọn bá jẹ́ káráàtì kan kan, rúbì ló máa kéré jù lójú.

Tó bá jẹ́ owó ńlá

Ẹ ti dé ibi rúbì, sàfáyà àti émírádì nìyí, ibi tí jìbìtì náà pọ̀ sí. Èyí tó pọ̀ jù nínú rúbì àti sàfáyà tó wà lọ́jà ni wọ́n ti fi iná yan kí àwọ̀ ẹ̀ lè mọ́, gbogbo ayé gbà á bẹ́ẹ̀, ìyẹn ò bà á jẹ́. Èyí tí wọn ò yan wọ́n jù, àmọ́ ẹ má san owó yẹn lórí ọ̀rọ̀ ẹnu. Èyí tí mò ń bẹ̀rù ni rúbì tó ti sán yánkan-yànkan tí wọ́n wá da gíláàsì tí òjé wà nínú ẹ̀ sínú ojú sísán náà. Ó máa ń pupa, ó máa ń mọ́ lójú, àmọ́ omi ọsàn wẹ́wẹ́ lásán lè jẹ ẹ́, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá sì gbé e fún alágbẹ̀dẹ góòlù pé kó tún òrùka ṣe, iná ẹ̀ á bà á jẹ́ lójú yín. Rúbì ńlá olówó pọ́ọ́kú tí ọ̀rẹ́ mi ń wá yẹn, tí kò bá jẹ́ èyí tó ti kú lójú, irú èyí ni.

Émírádì, epo ni wọ́n máa ń fà sínú tiẹ̀ kí ojú sísán má hàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí èyí tí wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ fún, ìbéèrè tẹ́ ẹ máa bi wọ́n ni pé ṣé epo náà kéré ni àbí ó pọ̀. Ẹ má gbé e sínú omi gbígbóná o, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n jù ú sínú ẹ̀rọ tó ń gbọ̀n tí wọ́n fi ń fọ jùẹ́lírì, epo inú ẹ̀ á jáde. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ díẹ̀ àti ọṣẹ jẹ́jẹ́ ti tó.

Ní ìpele owó yìí, láìsí sátífíkéètì, ìyẹn ìwé tó sọ irú òkúta tó jẹ́ àti ohun tí wọ́n ti ṣe sí i, ẹ máa lọ sílé yín. Kó wá láti láàbù tó ń yẹ òkúta wò, tí kì í ta òkúta fúnra ẹ̀, bíi GIA, SSEF tàbí Gübelin, kẹ́ ẹ sì lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì láàbù náà lọ wo nọ́ńbà tó wà lórí ìwé yẹn fúnra yín, torí èèyàn lè tẹ ìwé. Wọ́n tún máa fi ibi tí òkúta ti wá gbówó lórí yín, Kashmir fún sàfáyà, Mogok lórílẹ̀-èdè Myanmar fún rúbì, Colombia fún émírádì. Ní tèmi o, tí kì í bá ṣe pé ẹ fẹ́ tún un tà lọ́jọ́ iwájú, ẹ fi owó ìyẹn ra àwọ̀ tó dáa, kò sẹ́ni tó máa rí Mogok lórí ìka yín.

Nígbà tó bá wà lọ́wọ́ yín

Iná ìsọ̀ kì í sọ òótọ́, ẹ gbé òkúta náà lọ sẹ́bàá fèrèsé, lẹ́yìn náà ẹ tún wò ó lábẹ́ gílóòbù lásán. Òkúta tí ẹ̀yìn ẹ̀ ṣí sílẹ̀, ẹ gbé e lé orí ìwé tí wọ́n tẹ̀, tẹ́ ẹ bá lè ka lẹ́tà gba àárín ẹ̀, wọ́n gé e pẹlẹbẹ jù, ìmọ́lẹ̀ kàn ń gba inú ẹ̀ kọjá ni dípò kó ta padà sójú yín. Tẹ́ ẹ bá ní awò kékeré tó ń mú nǹkan tóbi ní ìlọ́po 10, ẹ wo inú ẹ̀, àwọn nǹkan roboto roboto bí ìhó omi, gíláàsì ló sábà máa ń ní in. Tí wọ́n bá wá dí ẹ̀yìn òkúta náà pa, ẹ bi wọ́n pé kí ló wà níbẹ̀, torí bébà dídán lè wà lábẹ́ ẹ̀ tó ń ya àwọ̀ fún un. Ẹ sì fi aṣọ onífọ́nrán wẹ́wẹ́ gba orí èékánná òrùka náà, bó bá fa fọ́nrán yọ, èékánná yẹn ti gbé sókè, òkúta máa já bọ́ lọ́jọ́ kan.

Orúkọ náà máa ń tanni. Smoky topaz kì í ṣe tópásì, quartz tó jẹ́ ẹbí ámétísì ni, Bohemian ruby, gánẹ́ẹ̀tì ni. Tó bá jẹ́ orí fóònù lẹ ti ń rà á, fọ́tò nìkan ò tó, ẹ ní kí wọ́n fi fídíò ránṣẹ́ kí òkúta náà wà lórí ìka èèyàn lójú ọ̀sán, kí wọ́n máa yí i.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú risíìtì: orúkọ òkúta náà gan-an, ṣé inú ilẹ̀ ló ti wá àbí láàbù, kí ni wọ́n ti ṣe sí i, káráàtì àti mílímítà ẹ̀, irú góòlù tàbí fàdákà tó jẹ́, àti ọjọ́ mélòó lẹ ní láti dá a padà. Ẹni tó bá ní kò yẹ kẹ́ ẹ da ara yín láàmú torí ìwé, ẹ rọra bọ́ òrùka náà sílẹ̀ fún un. Tó bá sì kọ ọ́, ẹ má fi àwọn ọjọ́ yẹn ṣeré, ẹ gbé e lọ fún ẹlòmíì tó mọ òkúta tí kò sì ní nǹkan kan láti tà fún yín, kó yẹ̀ ẹ́ wò kí ọjọ́ tó pé.